Ilẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù mi ti jẹrà, ariwo sì ń kún mi létí: kí ni kí n tẹ́ síbẹ̀?

Ìbéèrè:

Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi ń jẹun, mo sì máa ń lo tó wákàtí mẹ́wàá nínú rẹ̀ lójúmọ́. Kápẹ́ẹ̀tì tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ti gbó, ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì ti mu ún yó, ó ń rùn. Mo fẹ́ ká a dànù kí n tẹ́ rọ́bà. Ariwo ni wàhálà kejì. Tí mo bá ti ń sáré, ẹni tó jókòó tì mí gbọ́dọ̀ pariwo kí n tó gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ fọ́n ọ̀dà líle tí wọ́n ń fọ́n sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù sí i. Òmíràn ní bébà onífádákà tó ní ìléròrò afẹ́fẹ́ nínú ló dára, mo sì ti ra róòlù méjì. Èwo ló máa tọ́jọ́ nínú gbogbo rẹ̀, èwo ló sì máa pa ariwo?

* * *

Mo ti ka èsì tí àwọn yòókù kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí, mo sì máa dá àwọn náà lóhùn. Ìbéèrè méjì lẹ bi, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà kankan ta ìdáhùn kan ṣoṣo fún yín. Ohun tó ń tọ́jọ́ lábẹ́ bàtà máa ń le, ó máa ń wúwo, omi kì í sì í wọ̀ ọ́. Ohun tó ń gba ariwo sára máa ń rọ̀, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń mu omi bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjèèjì, òun ló máa ń padà wá sọ fún wa pé ilẹ̀ ọkọ̀ òun ti lu.

Kí ẹ tó náwó kún owó, ẹ tú àga, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn, kí ẹ fọwọ́ kan òwú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ó rin? Níbo ni omi ti wọlé? Omi bàtà kì í jìnnà síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Tó bá jẹ́ abẹ́ dáàṣíbọ́ọ̀dù ló ti ń sàn wá, ó lè jẹ́ pé rọ́bà gíláàsì iwájú ti là, ó sì lè jẹ́ pé páìpù tí ẹ̀rọ amúlétutù fi ń da omi rẹ̀ síta ló dí. Tí omi náà bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti nǹkan dídùn, kúláǹtì ni, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀ ló ń jò.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nínú ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà, mo tẹ́ rọ́bà tuntun tó nípọn lé ilẹ̀ tó ṣì rin, torí mo ń kánjú kí inú ọkọ̀ mọ́. Rọ́bà náà kò ní nǹkan kan ṣe títí di òní. Páànù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló dógùn-ún tán. Lọ́jọ́ kan mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, gìgísẹ̀ mi kejì rì sísàlẹ̀, mo bojú wolẹ̀, mo rí títì. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ tí mi ò bá lè ká sókè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò ní tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀ tí mo fi ń ṣiṣẹ́.

* * *

Mẹ́ta nínú ẹ̀yin tí ẹ fèsì ni ẹ ní kápẹ́ẹ̀tì ló dákẹ́ jù, pé rọ́bà máa ń mú inú ọkọ̀ dún bí agolo. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Kápẹ́ẹ̀tì máa ń gba ìró tín-ín-rín, bíi ti afẹ́fẹ́ tó ń súfèé létí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìró tó ń dún wùùù láti ara táyà àti ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń rẹ ènìyàn, kápẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè ṣe é ní ohun kan. Òwú tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, òun náà ló sì ń fi omi pamọ́ fún oṣù mélòó kan láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ yọ òwú kúrò, kí ẹ wá tẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé páànù lásán, dájúdájú ariwo á pọ̀ sí i. Ẹ wá sọ pé rọ́bà ló fà á. Ohun tí ẹ yọ ló fà á.

Rọ́bà tó wúwo ń dí ariwo lọ́nà, torí ohun tó bá wúwo kì í tètè gbọ̀n. Ní ti pé kí ó pẹ́, kò sí ìjà níbẹ̀: ẹ gbé e jáde, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ó parí.

Ṣùgbọ́n irú rọ́bà wo? Ibí yìí ló yẹ kí a ti máa jà. Ẹni tí bàtà rẹ̀ ń kó ọ́ìlì àti dísù wọlé kò gbọdọ̀ ra rọ́bà tí wọ́n ń pè ní EPDM, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn àti òjò kì í ràn án. Ọ́ìlì máa ń mú un wú, á rọ̀, á sì yọrí sókè. Rọ́bà àdánidá náà rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń fara da ọ́ìlì ni nitrile. Ilẹ̀ vinyl, ìyẹn ike rírọ̀, tí ilé-iṣẹ́ máa ń fi sínú ọkọ̀ iṣẹ́ wà láàárín méjèèjì: ó ń fara dà á díẹ̀, ó rọrùn láti nù, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ ó máa ń le, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í là níbi tí gìgísẹ̀ ń gún. Ẹ fi rọ́bà kékeré bo ibi gìgísẹ̀ yẹn nìkan, kí ẹ dè é mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó ní kí ẹ wá àlòkù bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń kó òkúta nínú ibi ìwakùsà, mo ti lò ó rí. Kò lè gbó. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ tẹ̀ mọ́ òkè tó gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, etí rẹ̀ ń ká sókè, ó sì wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń gbé e. Rọ́bà tí wọ́n fi táyà tí wọ́n lọ̀ ṣe ńkọ́? Ó lágbára, kò sì wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ ti díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ nínú oòrùn fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá ṣílẹ̀kùn kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Orí fọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó gbé tèmi dànù.

* * *

Lórí ọ̀dà líle tí wọ́n ń fọ́n. Èyí ni ẹ ń jà lé lórí jù, ohun tí èmi náà rí nìyí.

Fún ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n ń ju irin àti òkúta sí, mi ò mọ ohun tó dára tó o. Nínú yàrá awakọ̀, mi ò fọwọ́ sí i. Àkọ́kọ́, tó bá ti gbẹ, ó le. Ariwo kì í fi bẹ́ẹ̀ dínkù. Ẹ̀yin tí ẹ ní tiyín dínkù, ẹ rò ó wò: ṣé ẹ kò dí àwọn ihò ilẹ̀ nígbà tí ẹ ń fọ́n ọn? Dídí ihò ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Èkejì, kò ṣeé ká. Tí okùn iná tó gba abẹ́ ilẹ̀ bá já, rewáyà yóò wá fi sísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ bí ẹni ń wú gbòǹgbò igi. Ẹ̀kẹta, ìdógùn-ún. Tí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù lábẹ́ rẹ̀, yóò máa jẹun lọ ní ìdákẹ́jẹ́, ojú òkè á ṣì máa dán. Tí ẹ bá fẹ́ dáàbò bo páànù, ẹ kun ọ̀dà epoxy fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú ṣì lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ẹnì kan fèsì pé ọkọ̀ òun ni wọ́n ń fi páìpù omi fọ̀ nínú lálaalẹ́ nítorí irú ẹrù tó ń gbé. Fún irú yín, mo gbà, ẹ fọ́n ọn. Ẹ kàn rí i dájú pé páànù mọ́ dé egungun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

* * *

Bébà onífádákà oníléròrò: kì í pa ariwo. Kò wúwo, kò sì lè gba ìgbọ̀nrìrì páànù. Ooru tó ń tàn bíi ti oòrùn ló ń dá padà, àlàfo afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ kó tó lè ṣe é. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ sáàárín páànù àti rọ́bà, àlàfo yẹn ti tán nìyẹn, ìléròrò rẹ̀ á sì bẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Má bínú, ọ̀gá mi, mo mọ̀ pé ẹ ti rà á. Mo ń bọ̀ lórí ohun tí ẹ lè fi ṣe.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí butyl, ìyẹn rọ́bà tó ń lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí tó ní bébà alumíníọ́mù lórí, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Dynamat sọ di olókìkí. Ohun tó ń ṣe rọrùn láti lóye. Páànù ń gbọ̀n, bébà alumíníọ́mù kò fẹ́ bá a gbọ̀n, rọ́bà tó wà láàárín wọn á wá máa nà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nínà yẹn ló ń sọ ìgbọ̀nrìrì di ooru díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí páànù má dún bí agogo. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni láti dí ariwo tó ń gba inú afẹ́fẹ́ wọlé, ìdí rèé tí àwọn kan fi náwó rẹpẹtẹ sí i tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn kò rí ìyàtọ̀.

Ẹ má fi bo gbogbo ilẹ̀. Ẹ fi ìka gbá páànù wò. Níbi tó bá dún gbàǹgbàǹ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láàárín gbùngbùn. Níbi tó bá dún kù, ẹ fò ó. Ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdajì ojú páànù ti tó. Mo bo gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ mi kejì ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po kejì yẹn kò fi ohun kankan hàn mí. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 2 máa ń wọ̀n tó kílò 3 sí 4 fún mítà onígun mẹ́rin kan, ẹ rántí pé ẹrù ló yẹ kí ọkọ̀ yín gbé.

Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bíi ti títì ṣe kò wọ́n, ó sì lè dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùlé láéláé. Ooru ń mú un rọ̀. Tèmi já bọ́ ní ọ̀sán gangan, ó fa aṣọ òrùlé wálẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì tán bọ̀rọ̀.

Bí ẹ ṣe máa lẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ lọ. Ẹ ha ìdógùn-ún kúrò, ẹ kun ọ̀dà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀rá kúrò. Tí ojú ọjọ́ bá tutù, ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi róólà tẹ̀ ẹ́ títí àwọn àrà tó wà lójú alumíníọ́mù yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá kù sí lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni omi máa sùn sí.

* * *

"Awakọ̀ gidi kì í ráhùn ariwo, ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó máa gbọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti jáde lẹ́ẹ̀mejì báyìí, kò sì yẹ kí a fi í sílẹ̀.

Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́, fi 85 dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) ṣe òpin fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, àkókò yóò dínkù sí ìdajì: 88 fún wákàtí 4, 91 fún wákàtí 2. Etí tó bá ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Èyí tó kọjú sí fèrèsé lára tèmi kò gbọ́ tó èkejì mọ́, torí ọdún púpọ̀ tí mo fi ń wa ọkọ̀ pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí mi láti ẹ̀gbẹ́ yẹn, mi ò sì dáhùn.

Ní ti gbígbọ́ ẹ́ńjìnnì, òdìkejì ni mo rí. Nígbà tí wùùù yẹn lọ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni mo gbọ́ bíárìn táyà kan tó ń kùn. Ó ti lè máa kùn láti oṣù bíi mélòó kan.

Ẹ fi fóònù wọn ariwo náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, lójú ọ̀nà kan náà, lórí eré kan náà, kí fóònù wà níbì kan náà. Nọ́ńbà tó gbé wá lè má pé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn ni ẹ nílò.

* * *

Mo padà sórí ìbéèrè. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ni ihò.

Bí ihò bá jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ògiri, ògiri yẹn kò lè dín ariwo ju 20 dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì lọ, ì báà jẹ́ irin gbogbo ni ìyókù. Ẹ wo ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ yín: ibi tí okùn iná gbà, ibi tí òpó síárìn gbà, ibi tí wọ́n yọ kébù àtijọ́ tí wọn kò dí i. Ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Kí ẹnì kan máa tan tọ́ọ̀ṣì káàkiri inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀yin dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáàṣíbọ́ọ̀dù. Ibi tí ẹ bá ti rí iná, ariwo ń gba ibẹ̀ wọlé, èéfín sàlẹ́ńsà náà sì lè gbà á. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn kò ní òórùn. Nítorí ìyẹn nìkan, iṣẹ́ ihò ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú rọ́bà àti ohun gbogbo.

Ẹ fi rọ́bà tó bá ẹnu ihò mu dí i, tàbí butyl tó rí bí àmọ̀. Ẹ má lo fóòmù inú agolo tó ń wú, ó ń gbiná, kò sì yẹ kó wà nítòsí páìpù sàlẹ́ńsà. Ẹ wo rọ́bà tó yí ẹsẹ̀ jíà ká pẹ̀lú. Tó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ra bébà kankan. Ní ilẹ̀kùn, ẹ ti bébà ìkọ̀wé sáàárín rọ́bà ilẹ̀kùn, ẹ pa á dé, ẹ fà á. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ibẹ̀ ti tẹ̀ tàbí kí ilẹ̀kùn ti ṣí kúrò nípò.

Ẹ wo síítìn ẹ́ńjìnnì náà, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Tó bá ti wó, irin ń kan irin, gbogbo ilé ọkọ̀ á máa gbọ̀n, kò sì sí ohun tí ẹ lè tẹ́ sílẹ̀ tó máa wò ó.

* * *

Lẹ́yìn ihò, ìwúwo. Èyí tó ń dí ariwo afẹ́fẹ́ ni vinyl oníwúwo, tó ń wọ̀n tó kílò 5 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Bí ìwúwo ògiri bá di ìlọ́po méjì, ẹ retí bíi 6 dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì sí i, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 10 ni etí sì ń gbọ́ bí ẹni pé ariwo ti dín sí ìdajì. Ẹ má retí pé yóò dákẹ́ bí yàrá ìsùn.

Kí ó tó lè ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ fara kan páànù. Fóòmù ló máa wà láàárín wọn, irú èyí tí ihò inú rẹ̀ dí. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ gbé fóòmù sẹ́nu, ẹ fẹ́ ẹ. Tí èémí yín bá jáde lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, omi náà á gba ọ̀nà tí èémí gbà. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ gé e kó bá ilẹ̀ mu, kó gun ògiri ẹ́ńjìnnì lọ sókè dé ibi tí ọwọ́ lè dé, kí ojúpọ̀ rẹ̀ gun orí ara wọn. Rọ́bà òkè ni yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ fi páálí gé àwòṣe kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kan rọ́bà tí ẹ náwó sí.

* * *

Àwọn ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ bò:

Ihò tí omi ń gbà jáde tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ àti nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ojú ibi tí bóòtù àga àti ti bẹ́líìtì ààbò jókòó sí, irin gbọ́dọ̀ kan irin níbẹ̀. Tí ẹ bá fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀, bóòtù á tú díẹ̀díẹ̀. Ihò afẹ́fẹ́ tó wà lára ògiri ẹ̀yìn yàrá awakọ̀, tó ní rọ́bà bí ewé. Ẹ̀yin méjì tí ẹ ní ilẹ̀kùn yín ti ń le láti pa dé lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ẹ lọ wo ibẹ̀, ẹ ti bò ó. Tí okùn iná aláwọ̀ yẹ́lò bá wà lábẹ́ àga, ó lè jẹ́ ti airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú láti gba ènìyàn là nígbà ìjàǹbá. Ẹ tú bátìrì, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Pẹ́dà ńkọ́? Ní ọdún 2009, Toyota pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta padà ní Amẹ́ríkà nítorí rọ́bà ilẹ̀ tó lè há pẹ́dà mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ máa sáré lọ. Rọ́bà lásán ni o. Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ́ yìí yóò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ tẹ pẹ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé òpin kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì rí i bóyá wọ́n ń padà sókè fúnra wọn. Ẹ má to rọ́bà méjì léra wọn níbẹ̀.

* * *

Oníbéèrè padà wá: "Mo ti ká a. Òwú rin gbindin ní ẹ̀gbẹ́ èrò, ihò méjì wà lára ògiri ẹ́ńjìnnì, ìdógùn-ún sì ti bẹ̀rẹ̀ nítòsí bóòtù àga. Owó mi kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ wá orísun omi yẹn, ẹ dá a dúró, kí ilẹ̀ ọkọ̀ sì wà ní ìhòòhò títí òjò kan yóò fi rọ̀ lé e, kí ẹ lè rí i pé ó ti gbẹ lóòótọ́. Dídí ihò méjì yẹn kì í gba owó. Ìdógùn-ún nítòsí bóòtù àga, ẹ fi òòlù kékeré kàn án. Tó bá tẹ̀ wọlé, wẹ́dà lẹ máa lọ bá, torí àga àti bẹ́líìtì ló ń di ẹ̀mí yín mú níbẹ̀. Tó bá le, ẹ ha á, ẹ kùn ún.

Owó àkọ́kọ́ yín, rọ́bà nitrile tó nípọn ni, èyí tó ṣeé ká. Ẹ wà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún ariwo wọ̀n. Lẹ́yìn ihò tí ẹ dí, ó lè ti tó yín. Tí kò bá tó, ẹ ra butyl ìwọ̀nba fún ibi tó ń dún gbàǹgbàǹ, kí vinyl oníwúwo àti fóòmù wá dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá tún tẹ owó. Kò sí ohun tí ẹ máa tú dànù, rọ́bà kan náà ni ẹ ó ká sókè tí ẹ ó sì tún tẹ́.

Róòlù bébà onífádákà méjì yẹn, ẹ gé e bíi ti gíláàsì iwájú, kí ẹ máa gbé e dúró lẹ́yìn gíláàsì náà nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú oòrùn. Àlàfo afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ṣe ti fèrèsé ẹ̀gbẹ́.